Agbádá Olóyè Adéyanjú

Ìdrís alágbàfọ̀ ń lọ agbádá funfun kan ní Ire-Akari.

Ó yí inú rẹ̀ síta kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ọnà ọrùn rẹ̀ má baà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Olóyè Adéyanjú dúró tì í. Wọ́n fẹ́ yan alága àwọn onílé lónìí, ipò náà sì ń wù ú gan-an.

"Ìdrís, má jó o! Tí mo bá wọlé bíi tálákà, ta ló máa dìbò fún mi?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Olóyè. Tí wọ́n bá rí yín báyìí, wọ́n á dìde ni."

Wọ́n dìde lóòótọ́. Wọ́n dìbò fún un pẹ̀lú.

Nírọ̀lẹ́, alága tuntun fúnra rẹ̀ ló ká agbádá náà padà wá.

"Ìdrís, owó aṣọ tí mo yá rèé."

"Ẹ kú oríire, Alága. Igbákejì yín ló máa wọ̀ ọ́ lọ́la."