Àmì Tí Mo Kọ fún Ilé Baba Wa

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tún orúkọ ará ilé kọ, mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí agboolé wa ní Ìkirè. Mo bá Abímbádé, akọ̀wé àdúgbò, tó ti gbé wàláà dígí rẹ̀ lé orí àmù ìyá mi.

"Ìyá Títí, ẹ kú ìrìn. Ẹ fi ìka kọ ∅ síbí, kí n máa lọ."

Ọmọdé pàápàá mọ àmì yẹn: ilé tí kò sẹ́ni kankan nínú rẹ̀ mọ́. Tí mo bá kọ ọ́, katakata á wó ilé wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láyé baba mi, ogójì orúkọ ló wà lójú dígí, ∈, àmì ọmọ ilé, sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọ á máa jà sí i: "Èmi ni mo máa ya tèmi! Bàbá, ẹ wò ó, ó ti yà á wọ́!"

"Ìyá Títí, ẹ̀ ń sunkún?"

"Èéfín ni."

"Èéfín wo? Ta ló ń dáná níbí? Ẹni tó bá ń sùn nílé nìkan lòfin mọ̀."

"Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Mo kọ orúkọ mi, mo ya ∈ sí i gàdàgbà. Mo pe ọmọ mi.

"Títí, kó ẹrù mi wá sí Ìkirè."

"Màmá! Ta lẹ fẹ́ máa bá gbé níbẹ̀?"

Mo ní kó má gbàgbé ìrọ̀rí mi, mo sì lọ wá ìgbálẹ̀.