Ọ̀bẹ Bàbá Ìyàwó

“Bàbá, ọ̀bẹ yín rèé. Ẹ ṣeun o.”

Ọkọ ọmọ na ọ̀bẹ náà tòun tàkọ̀ rẹ̀ sí bàbá ìyàwó rẹ̀, kò lè wo ojú bàbá. Nínú igbó tó lọ pàgọ́ sí, ọ̀lẹ ò jẹ́ kó wá nǹkan míì, ló bá fi ọ̀bẹ ṣí agolo ẹja. Bí ṣóńṣó rẹ̀ ṣe kán nìyẹn.

“Nǹkan kan ò ṣe é?”

“Rárá o, Bàbá. Bí ẹ ṣe fún mi náà ló wà.”

Bàbá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì. “Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń tọrọ ọ̀bẹ yìí. Èmi fúnra mi ni mo rọ ọ́, irin kan ṣoṣo láti ẹnu títí dé ìdí èèkù. Mi ò fún yín, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ kì í bà jẹ́.” Ó ti ọ̀bẹ padà sọ́wọ́ àna rẹ̀. “Ìwọ ni mo fún.”

Ìyàwó àna náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

“Ó yá, fà á yọ,” Bàbá ní, “kí wọ́n rí bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan.”

Ọkọ ọmọ di èèkù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, títí àwọn ará ilé fi ń wojú ara wọn.