Ìdajì Ajílẹ̀

Ọkùnrin tó ń pín ajílẹ̀ gbé àpò kan ṣoṣo sórí ọmọlanke bàbá àgbẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

"Àbúrò, ó ku ìkejì o," ni bàbá wí.

"Bàbá, kò kù. Ìjọba ní kí kálukú lo ìdajì ohun tó lò lọ́dún tó kọjá. Méjì lẹ lò."

Ọmọbìnrin bàbá bọ́ síwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, èyí tó ń jáde látinú ilẹ̀ tí wọ́n da ajílẹ̀ sí. Òun ló bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà láti dín àpò mẹ́rin kù sí méjì. Àgbàdo sì yọmọ bó ṣe yẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ti dín tiwọn kù kí òfin tó dé. Aládùúgbò wa tó lo mẹ́rin ló ń gbé méjì lọ yẹn. Àpò kan ò lè kárí oko wa!"

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní wọ́n ti dán an wò lóko kan lọ́dún tó kọjá. Àgbẹ̀ ibẹ̀ lo ìdajì, kò sì pàdánù nǹkan kan. Oko yẹn ni wọ́n wò ṣòfin."

Oko kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin náà wọ̀n, tó sì fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dún tó kọjá, ti bàbá rẹ̀ sì ni.

Bàbá fà á lápá. "Ṣé o mọ àgbẹ̀ náà? Jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́, kó bá wa bá wọn sọ̀rọ̀."