Ogójì Orúkọ fún Kọ̀ǹpútà Aṣọ́bodè

Kọ́láwọlé kò fẹ́ràn Àkúrẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá láti Èkó, ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ló burú jù lójú rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni ọ̀nà àtipadà rẹ̀ wà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Àjọ aṣọ́bodè fẹ́ kó gbogbo ìwé ẹrù sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì tan ẹ̀rọ kankan títí wọn yóò fi jókòó pẹ̀lú àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ní agbègbè yìí, àwọn oníṣòwò kòkó lọ̀rọ̀ kàn.

“Ogójì èèyàn,” ni Màdáàmù Akínwùmí, ọ̀gá rẹ̀, wí fún un. “Kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n béèrè ohun tí kò yé wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bó o bá ṣe é dáadáa, ìwọ ni wàá lọ máa bójú tó kọ̀ǹpútà Èkó. Bí o ò bá ṣe é dáadáa, àwa àtìẹ ṣì jọ wà níbí.”

Kọ́láwọlé kà á sí iṣẹ́ ọ̀sán kan. Kí ni ará oko fẹ́ béèrè nípa kọ̀ǹpútà?

Wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbé tábìlì rẹ̀ sídìí fèrèsé tó wà ní títì, ó kọ ẹ̀yìn sí i, torí kò rò pé ohun tó yẹ ní wíwò wà níta. Àwọn oníṣòwò wọlé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Tísà Rachael ló ṣáájú wọn, obìnrin tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó wá ń ra kòkó.

Kọ́láwọlé sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó kọ́kọ́ sọ gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un sọ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ jéléósinmi sọ̀rọ̀. Àwọn méjì sùn. Nígbà tó ní ta ló ní ìbéèrè, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nawọ́.

“Ọ̀gá, orúkọ wa tí ẹ fẹ́ kọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?”

“Kọ̀ǹpútà ló fẹ́ ẹ.”

“Ṣé kọ̀ǹpútà náà á wá sí ulé ẹni?”

Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Bàbá, kò lẹ́sẹ̀.”

“Àwọn tó kọ orúkọ bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ iye wa ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí,” ni Jẹ́jẹ́ sọ. “Oṣù kejì, ọlọ́pàá ti wà ní ulé wa nítorí owó orí.”

Kọ́láwọlé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò rí ìbéèrè kankan nínú ìyẹn.

Tísà Rachael wo Jẹ́jẹ́, ó wo àwọn tó kù, ó sì dìde. “Ooru mú,” ló wí. Ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn Kọ́láwọlé gbayawu, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Orúkọ?”

Ọkùnrin àkọ́kọ́ gbójú sókè kọjá orí Kọ́láwọlé, ó ṣẹ́jú. “Jeremiah. Jeremiah Bámijókò.”

“Ọdún wo ni wọ́n bí yín?”

“1911.”

Ọkùnrin náà ò lè ju ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta lọ. Kọ́láwọlé pòṣé, ó bá a kọ 1955. Obìnrin tó tẹ̀lé e náà gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì, ó ní Comfort Adébímpé lòun, 1908 ni wọ́n sì bí òun. Kọ́láwọlé tún un ṣe fún òun náà. Nígbà tó dé orí ẹni ogún, kò béèrè ọdún mọ́. Ó ń wo ojú wọn, ó ń fún wọn ní ọjọ́ orí. Àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ìwé tí òun kà tó báyìí, òun ló wá jókòó ti àwọn tó gbọ́dọ̀ ronú kí wọ́n tó rántí orúkọ ara wọn.

Wọ́n tẹ̀ka tán. Ó pe orúkọ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó dáhùn, àfìgbà tí Tísà Rachael pàtẹ́wọ́ tí gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá ilé Kọ́láwọlé pàápàá mọ orúkọ ara rẹ̀.

“Ṣé wọ́n fara mọ́ ọn báyìí?” ló bi í.

“Àwọn tí ẹ kọ yìí?” ni Tísà Rachael wí. “Kò sí ìkankan nínú wọn tó máa bá yín jiyàn.”

Ohun tó kọ sínú àbọ̀ rẹ̀ nìyẹn: ogójì, kò sẹ́ni tó lòdì sí i. Inú Màdáàmù Akínwùmí dùn débi pé ó ní òun fúnra òun á lọ kí wọn, òun àti àlejò méjì láti Àbújá tó mú ẹ̀rọ náà wá. Kọ́láwọlé sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé fáwọn ọmọ ní Èkó.

Gbọ̀ngàn wà ní títì nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tísà Rachael, ó sì wá. Kọ́láwọlé na ìwé orúkọ sí i, kò kí i.

“Ẹ bá mi kó àwọn èèyàn yìí jọ. Màdáàmù fẹ́ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Tísà Rachael wo ìwé náà, ó wo Kọ́láwọlé lójú. “Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn. Ṣé Yorùbá náà ò yé yín ni?”

“Ó yé mi,” ló wí. “Wọn ò jìnnà.”

Ó kó wọn gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn lọ sẹ́yìn, níbi tí fèrèsé yẹn kọjú sí, Kọ́láwọlé sì dúró díẹ̀ láti gbọn eruku bàtà rẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, Màdáàmù Akínwùmí ti dúró síwájú òkúta ibojì àkọ́kọ́, ó ń ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ sókè fún àwọn àlejò méjèèjì: Jeremiah Bámijókò, 1911 sí 1983, sùn-ún re o.