Ìyìn Tí Fadérera Kò Sọ

Ọ̀mọ̀wé Fadérera dìde nípàdé àwọn olùwádìí, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

“Irọ́ ni fìlà tí ẹ ṣe yìí, sà,” ló sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúnjí. “Kò kọ́ ọmọ kankan níwèé lójú oorun. Ọdún mẹ́ta lọmọ mi ti ń dé e, kò lè ka orúkọ ara rẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí òfin fi sétí gbogbo wọn ti yí i padà kí wọ́n tó gbọ́ ọ: “Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, sà. A ṣì ń kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ yín.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Látúnjí rẹ́rìn-ín sí i. “O káre, ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin Fadérera mú lẹ́tà bọ̀ láti ilé ìwé. “Màámi, ẹ bá mi kà á.”

Fadérera kà á sókè: “Nítorí ìyìn Ọ̀mọ̀wé Fadérera, gbogbo ọmọ ni yóò máa dé fìlà.”

Inú ọmọ náà dùn. “Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń wí yẹn, Màámi?”