Orúkọ Adágún Ìperindó

Nígbà tí Àjàgbé wà lọ́dọ̀ọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ìperindó, ó ń wá góòlù. Ó gbẹ́ ẹ títí, góòlù ò yọjú, omi ló yọ. Omi náà kún, ó tẹ́jú, ó di adágún tí òkúta funfun yí ká. Gbogbo ìlú ń fọṣọ níbẹ̀, wọ́n ń pẹja níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìròyìn dé pé àwọn tó ń ya máàpù tuntun ń bọ̀ láti Òṣogbo, pé gbogbo omi ló máa ní orúkọ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Àjàgbé ò gbádùn oorun mọ́.

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ," ó ń sọ kiri. "Orúkọ mi ni kí wọ́n kọ. Bí mo bá kú, kí ni wọ́n á fi rántí mi?"

Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ò gbà. Ó wá bá a nílé. "Orí ilẹ̀ bàbá mi lo gbẹ́ ihò sí. Orúkọ tèmi ló tọ́ síbẹ̀!"

Cecilia, ìyàwó Àjàgbé, gbé àga fún un. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ jókòó, ẹ má bínú."

Àga náà ké. Ìgbà tí Cecilia ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ló ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, bí ìyàwó ṣe ń sọ ará ilé ọkọ, kó má baà pè wọ́n lórúkọ àbísọ. Nígbà náà, Ògúnlẹ́yẹ ò tíì yọkùn.

Ọjọ́ tí àwọn onímáàpù máa dé gan-an ni eyín Àjàgbé yarí. Òun nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́nu rẹ̀. Ó di dandan kó lọ yọ ọ́ n'Íléṣà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Ìyá Fadékẹ́, má jẹ́ kí Ògúnlẹ́yẹ ṣáájú ẹ débẹ̀ o. Ìwọ ni kí o sọ orúkọ mi fún wọn."

"Mo ti gbọ́, bàbá Fadékẹ́. Ẹ lọ yọ eyín yín."

Waliyullah onímáàpù bá Cecilia létí omi níbi tó ti ń fọṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí lorúkọ omi yìí?"

Cecilia wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ sí i létí. Waliyullah náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ògúnlẹ́yẹ tó mí hẹlẹhẹlẹ débẹ̀, ọkọ̀ wọn ti ṣí.

"Ṣé o sọ ọ́?" Àjàgbé bi í nírọ̀lẹ́.

"Mo sọ ọ́."

Ni Àjàgbé bá ń yan káàkiri ìlú.

Nígbà tí máàpù dé, tíṣà Micah kọ́ ọ sára ògiri ilé-ìwé. Gbogbo ìlú péjọ. Ó fìka tọ́ ọ, ó kà á: "Léèkì Eyínfúnjowó." Ó ní léèkì ni òyìnbó ń pe adágún.

"Eyín kẹ̀? Ta ló rí omi tó léyín rí?"

Ògúnlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Àjàgbé, kò jẹ́ tèmi, kò jẹ́ tìẹ!"

Tíṣà ronú díẹ̀. "Òkúta funfun tó yí i ká ni wọ́n rí, ó jọ eyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ léèkì lórúkọ nílùú òyìnbó: ohun tójú bá rí ni wọ́n ń pè é."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Gbogbo ènìyàn gbà. Wọ́n wá yíjú sí Àjàgbé, wọ́n ń retí ariwo.

Àjàgbé fọwọ́ bo ẹnu. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Tíṣà tún un kà.

"Ẹ tún un kà sí i."

Àánú ṣe Ògúnlẹ́yẹ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ó mà ṣe o, ìbànújẹ́ ti fẹ́ dà á lórí rú. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé ilé.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Cecilia, tí kò mọ̀ pé ẹnìkan tẹ̀ lé ọkọ òun wá, sì ké láti ìdí ààrò pé, "Eyínfúnjowó, ẹ yára o, ẹ̀kọ yín ti ń tutù!"