Ṣéènì Tó Wà Nínú Àpótí

Bàbá náà ti ti alùpùpù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí mẹkáníìkì tó gbójú sókè. Òógùn ti bò ó. Bọ́tìnnì kótù rẹ̀ ti ṣì ihò, èyí òkè wọ ti ìsàlẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ń fi ọwọ́ kan bá a ti alùpùpù náà láti ẹ̀yìn.

"Mo fẹ́ kó rin ìrìn ọjọ́ méjì láìdákú," ni bàbá wí. "Mo ń lọ mú ìyàwó mi wá."

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó yíká. Alùpùpù ọ̀hún ju òun fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Táyà ti pá, bíréèkì ò mú, ṣéènì ti dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ń nu táǹkì rẹ̀ déédéé, ó ń dán.

"Yóò ṣeé ṣe, Bàbá. Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bá yín lọ ni?"

"Èyí?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá onílé ibi tí mo wọ̀ sí ni. Obìnrin dáadáa ni, àfi pé kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Obìnrin náà sún mọ́ bàbá. Ó tú bọ́tìnnì kótù náà, ó sì tún wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, ìyá onílé a mú bàbá wá láàárọ̀, a sì padà wá mú un lọ́sàn-án. Bó bá fẹ́ kọjá lára alùpùpù, ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń gbà, bí ọ̀tún tilẹ̀ yá jù. Bàbá a jókòó sórí àga mọ́tò àlòkù tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, a sì máa sọ ìtàn kan náà bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí.

"O rí irin èéfín yẹn? Òun ló jó ìyàwó mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sẹ́yìn. Àpá rẹ̀ rí róbótó bí ìdérí ìgò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní àfi kí n yáa fẹ́ òun, pé ta ni yóò tún fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ jíjó?"

"Ibo ni wọ́n wà báyìí, Bàbá?"

"Ilé bàbá rẹ̀, létí odò. Mo gbọ́dọ̀ tètè dé. Bàbá rẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn fún mi bí ilẹ̀ bá ti ṣú."

Mẹkáníìkì a rẹ́rìn-ín, a tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá onílé nìkan ló wá.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó ṣe tán."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Bó bá gùn ún jáde, kò ní padà mọ́."

"Ẹ bá a sọ ọ́ nígbà náà."

"Mo sọ ọ́ títí, ó sú mi. Ta ni mo jẹ́ sí i tí yóò gbọ́ tèmi?"

"Àbí ojú yín wà lára Bàbá ni?" Mẹkáníìkì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ọmọ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mẹkáníìkì. Nígbà tí bàbá dé lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún un pé ṣéènì tuntun kò tíì dé. Ṣéènì náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ǹṣì, nínú bébà rẹ̀. Ó pààrọ̀ táyà, ó tún bíréèkì ṣe, ó fọ gbogbo ẹ́ńjìnnì mọ́, ṣùgbọ́n àpótí náà, kò ṣí i. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì.

"Ṣéènì yìí," ni bàbá wí, "ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kan, bàbá ò sọ ìtàn kankan.

"Ọmọ mi, ó ń dúró dè mí. Mo ṣèlérí fún un. Bí mi ò bá lọ, yóò rò pé mo ti gbàgbé òun."

Ó ń sunkún. Mẹkáníìkì ò lè gbójú sókè. Nígbà tó máa fi gbé e, ìyá onílé ló rí lẹ́nu ọ̀nà, tó di fìlà bàbá mọ́ àyà bí ẹni di ohun ìní rẹ̀. Inú bí i. Ọkọ ọlọ́kọ! Ìyàwó oníyàwó ń ká ọjọ́ létí odò, òun sì ń bá obìnrin mìíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí obìnrin náà ti kẹ́yìn sí wọn báyìí, mẹkáníìkì ṣí àpótí. Ó fi ṣéènì sí i, ó fà á le, ó rọ epo kún táǹkì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn.

"Ní oríta, ẹ yà sápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọ̀nà odò. Àjò kì í dùn kónílé má relé, Bàbá. Ẹ mú wọn bọ̀ láyọ̀."

"Màá mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ, kóo fojú ara rẹ rí àpá náà."

Ní oríta, bàbá dúró. Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó tún wọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó yà sápá òsì. Mẹkáníìkì kígbe, ó sáré dé àárín títì, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohùn rẹ̀ mì, eruku nìkan ló kù.

Nígbà tí ìyá onílé dé lọ́sàn-án tòun ti fìlà bàbá lọ́wọ́, àga ṣófo, àpótí là sílẹ̀. Mẹkáníìkì ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dè é.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dúró dè é."

Obìnrin náà yíjú sí títì. Ó béèrè pé, "Ọ̀nà wo?"

Mẹkáníìkì nawọ́ sí òsì.

Ó ju fìlà bàbá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká aṣọ gígùn rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sì sáré gba ọ̀nà náà lọ, àpá kan ń dán lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, róbótó bí ìdérí ìgò.